Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ irin nìkan ni mo ní lọ́kàn. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ní lọ́wọ́, tàbí tí ó mọ̀ sínú, tàbí tí ó wà lára rẹ̀, tí ó sì ń mú kí ilẹ̀kùn ṣí fún un nígbà tí kò ní ṣí fún ẹlòmíràn, kọ́kọ́rọ́ ni mo ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Láyé òde òní, inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni a kó àwọn ohun tí ó ṣe iyebíye jùlọ sí: owó wa ní báńkì, máàkì àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àní orúkọ àti ọjọ́ ìbí wa pàápàá. Ta ni ó lè wọ ibẹ̀? Bí ó bá wọlé tán, kí ni a gbà á láàyè láti fọwọ́ kàn? Ta ni ó fún un láṣẹ náà? Nígbà tí ó bá sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà ni ó bí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí n tó mẹ́nu kan kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibì kan tí gbogbo ará Èkó mọ̀ dáadáa, èyíinì ni Trade Fair, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, nítòsí Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin.

Ọdún 1977 jẹ́ ọdún ńlá ní agbègbè yẹn. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ni Nàìjíríà fi gba àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé lálejò fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tí a ń pè ní FESTAC. Torí àwọn àlejò náà ni a ṣe kọ́ Festac Town. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, ṣí ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Èkó, ó sì wà títí di ọjọ́ 11 oṣù kejìlá. Ọkùnrin ayàwòrán ilé kan láti ilẹ̀ Yugoslavia, Zoran Bojović, tí ó ń bá ilé iṣẹ́ Energoprojekt ti ìlú Belgrade ṣiṣẹ́, ni ó ya àwòrán àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá tí ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yàn ni ó sì ń mójú tó o.

Àkókò kọjá, ìpàtẹ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù níbẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń kó wọlé láti ìgboro. Àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ dé, àwọn tí ń tajà ní Balógun náà dé, tí ó fi di pé odindi ìlú ni Trade Fair dà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ígbò, àwọn Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wà láàrin wọn. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ́ ilé alájà, wọ́n ń ná owó tí ojú ò tó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni katakata kó wọ ibẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó katakata wá, wọ́n sì wó àwọn ilé kan lulẹ̀. Ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ni pé àwọn ilé náà kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Èsì àwọn oníṣòwò ni pé ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó Trade Fair, tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti fún àwọn láṣẹ, àti pé ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni a ti ń gba àṣẹ. Ta ni ó jàre lójú òfin? N kò jókòó síhìn-ín láti dá ẹjọ́ yẹn. Iṣẹ́ àwọn adájọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí ó jiyàn pé kí ènìyàn tó kọ́lé ó yẹ kí ó gba àṣẹ. Orí ibi tí àṣẹ ti ń wá ni ìjà wà. Ẹni tí ó ná gbogbo ohun tí ó ní sórí ìwé tí ẹnìkan fọwọ́ sí fún un, tí ẹlòmíràn sì wá sọ pé ìwé náà kò já mọ́ nǹkan, ojú rẹ̀ ti rí ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní kí ilé iṣẹ́ ńlá má ṣe ní ibi méjì tí àṣẹ ti ń jáde láìjẹ́ pé ibi méjèèjì mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé èdè ni iṣẹ́ mi, ẹ gbà mí láàyè kí n yà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ìyọ̀ǹda, fún ìpàṣẹ, àti fún agbára tí ń mú kí ohun tí a sọ ṣẹ: àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Èyí lẹ́wà púpọ̀ nínú ewì àti nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ó yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ìdánimọ̀, èyíinì ni pé kí a mọ̀ dájú pé ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ni ẹni tí ó pe ara rẹ̀. Èkejì ni àṣẹ, èyíinì ni ohun tí a gba ẹni náà láàyè láti ṣe lẹ́yìn tí a ti dá a mọ̀. A lè mọ ènìyàn dájú kí a má sì fún un ní àṣẹ kankan. Àna ẹni kò ṣàjèjì síni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé e lọ́wọ́.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìyàtọ̀ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ fún un ní orúkọ méjì. Láyé àtijọ́, odi ni ó yí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ká, ibodè ni a sì ń gbà wọlé. Oníbodè ni ó jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kí ó ṣí ilẹ̀kùn kí ó sì tì í nìkan. Òun ni ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, òun ni ó sì ní láti mọ ẹni tí ó gbọdọ̀ san àti ẹni tí kò gbọdọ̀ san, ẹni tí í ṣe àlejò ọba àti ẹni tí í ṣe amí ọ̀tá. Bí oníbodè bá sùn, ìlú lè parun ní òru ọjọ́ kan. Bí ó bá sì jẹ́ oníwọra, tí ó ń gba owó lọ́tùn-ún tí ó ń gba lósì, ọjà ìlú náà yóò tú, nítorí àwọn oníṣòwò yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Báwo wáá ni oníbodè ṣe ń dá ìránṣẹ́ ọba mọ̀? Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ni ọba ń rán níṣẹ́. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ wọn fún wa. Apá kan orí ìlàrí ni a máa ń fá, a ó sì dá apá kejì sí. Orúkọ tí a sọ ìlàrí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọba fúnra rẹ̀, irú bíi Mádàáríkàn, tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe forí kan ẹni tí ó rán an. Mo ti ronú lórí orí fífá yìí lọ́pọ̀ ìgbà. A lè jí ọ̀pá ọba, a lè yá ènìyàn ní ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ta ni ó lè yá ẹlòmíràn ní orí? Lẹ́yìn náà, irun a máa hù. Ìlàrí tí a kò bá fá orí rẹ̀ mọ́, láàrin oṣù mélòó kan, orí rẹ̀ yóò dà bí orí gbogbo ènìyàn. Ẹ ò rí i pé àmì náà ń gbó fúnra rẹ̀ bí a kò bá tún un ṣe. Àwọn báńkì òde òní tí ń ní kí òṣìṣẹ́ wá tún àṣẹ rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, irú ohun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Àrokò náà wà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ kì í ṣe owó lásán. Ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Owó ẹyọ mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ ara wọn. Ẹni tí ó gbé e kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ti wà láàrin ẹni tí ó ránni àti ẹni tí a rán sí kí ọmọ ẹ̀yìn odi tó kọ́ wa ní A, B, D.

Inú ààfin Ọ̀yọ́ gan-an ni mo ti rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu jùlọ. Johnson sọ fún wa nípa àwọn ìwẹ̀fà mẹ́ta tí ó jẹ́ olórí: Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, tí ń gbọ́ ẹjọ́ ní orúkọ ọba, Ọ̀tún Ìwẹ̀fà, tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ṣàngó, àti Òsì Ìwẹ̀fà, tí ń mójú tó owó tí ń wọlé fún ọba. A pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta. Ẹni tí ń dá ẹjọ́ kọ́ ni ó ń ka owó. Òsì ni ó kéré jùlọ ní ipò, síbẹ̀ òun ni ó súnmọ́ ọba jùlọ, tí kò sì sí yàrá tí kò lè wọ̀ ní ààfin, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn ayaba. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọba bá wàjà, Òsì Ìwẹ̀fà gbọdọ̀ bá a lọ. Èmi kò ní kí a dá irú àṣà bẹ́ẹ̀ padà o! Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àwọn tí ó ṣe ìlànà náà mọ̀ pé ẹni tí ó ní àṣẹ láti wọ ibi gbogbo ni ó léwu jùlọ, wọ́n sì rí i dájú pé àṣẹ náà kò ní kọjá ọjọ́ tí a torí rẹ̀ fún un. Lóde òní, ní ilé iṣẹ́ wa, ẹni tí ó mọ gbogbo ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kí àṣẹ rẹ̀ sì wà láàyè títí di ọdún tí ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, tí báńkì sì dé, ti Bank of British West Africa ní ọdún 1894, ìwé ni ó rọ́pò orí fífá. Ìfọwọ́sí, òǹtẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ irin ni a wá ń lò. Àṣà kan ṣì wà nínú ìlànà ìṣúná ìjọba wa láti ìgbà náà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Yàrá tí a ń kó owó ìjọba sí a máa ní àgádágodo méjì tí kọ́kọ́rọ́ wọn kò jọra. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ní ọ̀kan, òṣìṣẹ́ mìíràn ni ó ní èkejì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọdọ̀ ní méjèèjì lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá ń lọ fún ìsinmi, yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú ìwé, wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Akápò tí ó jẹ́ olóòótọ́ fẹ́ràn ìlànà yìí ju olè lọ, nítorí pé bí owó bá sọnù, kì í ṣe òun nìkan ni a óò dì mú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ẹnìkan bá ba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, kí ó bi àwọn ará báńkì Barings ti ìlú London. Láti ọdún 1762 ni báńkì náà ti wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nick Leeson ni wọ́n rán lọ sí Singapore. Òun ni ó ń ra, òun ni ó ń tà, òun kan náà ni ó sì tún jẹ́ olórí àwọn tí ń yẹ ìwé rírà àti títà wò. Gbogbo àdánù rẹ̀ ni ó ń kó pamọ́ sínú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù kejì ọdún 1995, àdánù náà ti di mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn, báńkì tí ó ti lo ọdún 233 sì wó. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo ni báńkì mìíràn fi rà á. Leeson kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Gbogbo ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn ṣí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí kọ̀ǹpútà gan-an. Ọ̀rọ̀ ètò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni ó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rọ kan a máa gba odindi yàrá, ilẹ̀kùn yàrá náà sì ni gbogbo ààbò tí ó ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò gbé káàdì tí a lu ihò sí lé òṣìṣẹ́ inú yàrá lọ́wọ́, yóò sì padà wá gba èsì rẹ̀. Oníbodè ń bẹ níbẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì ni.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, ìyípadà ti dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò kan han ayé, CTSS ni orúkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa lo kọ̀ǹpútà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀. Bí ilé kan bá di ti ayálégbé púpọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe wá fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù.

Kò pẹ́ tí ọgbọ́n fi ń lé ọgbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Allan Scherr ń ṣiṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, wákàtí tí wọ́n bù fún un lórí ẹ̀rọ náà kò sì tó o. Ní ọdún 1962, ó fi káàdì ránṣẹ́ pé kí a bá òun tẹ fáìlì kan jáde sórí ìwé. Fáìlì pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn ni! Ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́ jáde fún un láìjanpata, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá béèrè fáìlì ni a ń fún. Nǹkan bí ọdún 25 kọjá kí Scherr tó jẹ́wọ́. Ní ọdún 1966, èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Àwọn alábòójútó méjì ń tún nǹkan ṣe lórí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń tún ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ kọ, èkejì ń tún fáìlì pásíwọ́ọ̀dù kọ. Ìwé ìgbà díẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń lò ní orúkọ kan náà, fáìlì méjèèjì sì pààrọ̀ ara wọn. Gbogbo ẹni tí ó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, dípò kí ẹ̀rọ kí i káàbọ̀, pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn ni ó kà sójú rẹ̀. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o, àwọn olóòótọ́ méjì ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ní Cambridge, tí Roger Needham jẹ́ ọ̀kan lára wọn, wá ojútùú sí i: kí ẹ̀rọ má tilẹ̀ fi pásíwọ́ọ̀dù pamọ́ rárá. Bí a ṣe ń gún iyán ni kí a rò ó. Iṣu lè di iyán, ṣùgbọ́n iyán kò lè padà di iṣu. Ẹ̀rọ náà a gún pásíwọ́ọ̀dù títí tí kò fi ní ṣe é dá mọ̀, iyán yìí nìkan ni yóò sì fi pamọ́. Nígbà tí ẹ bá tún padà wá, yóò gún èyí tí ẹ tẹ̀, yóò sì wò ó bóyá iyán méjèèjì rí bákan náà. Bí olè bá kó fáìlì náà lọ, iyán ni ó kó.

Ọdún 1975 ni àwọn méjì tí ń jẹ́ Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ àpilẹ̀kọ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń kà títí di òní. Méjì péré ni n óò mú nínú àwọn ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀. Èkíní ni pé kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ tí ó ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè lọ. Akọ̀wé tí ń tẹ orúkọ kò nílò láti lè pa orúkọ rẹ́. Èkejì ni pé ilẹ̀kùn tí ó gba kọ́kọ́rọ́ méjì lágbára ju èyí tí ó gba ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin náà rántí yàrá owó ìjọba. Ohun tí akápò ọjọ́sí ń fi irin ṣe ni àwọn ọ̀mọ̀wé yìí wá sọ di ẹ̀kọ́ fún ẹ̀rọ.

Síbẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì tó ogójì, ta ni yóò jókòó máa ṣe ìpinnu lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ní ọdún 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí a má fún ènìyàn ní àṣẹ mọ́, kí a fún ipò ní àṣẹ, kí a sì fi ènìyàn sí ipò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣé ohun tí à ń ṣe pẹ̀lú oyè kọ́ nìyẹn? Balógun ni ó ní àṣẹ ogun. Lágbájá tí ó jẹ Balógun ní àṣẹ náà nítorí oyè rẹ̀, kì í ṣe nítorí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ tí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún ilé àti oko rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè tìtorí pé àwọn jẹ́ ọmọ rẹ̀ máa pàṣẹ fún àwọn jagunjagun. Bí a bá gbé akọ̀wé kúrò ní ẹ̀ka owó lọ sí ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́, oyè rẹ̀ ni a óò pààrọ̀, gbogbo àṣẹ ti àtẹ̀yìnwá yóò sì bọ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kéré tán, bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a óò fi oyè tuntun kún ti àtijọ́, títí ẹnìkan yóò fi jẹ́ Balógun, Ìyálóde àti Oníbodè pọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí báńkì àgbà orílẹ̀-èdè Bangladesh ní oṣù kejì ọdún 2016. Àwọn ọ̀daràn yọ́ wọ inú ẹ̀rọ báńkì náà, wọ́n sì rí àṣẹ ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi owó ránṣẹ́ sí òkè òkun gbà. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ dákẹ́, wọ́n fi ìwé 35 ránṣẹ́ sí New York ní orúkọ báńkì náà, pé kí wọ́n san owó tí ó tó mílíọ̀nù 951 dọ́là. Mílíọ̀nù 81 dọ́là jáde lọ sí Philippines. Ogún mílíọ̀nù mìíràn tí ó lọ sí Sri Lanka ni a rí gbà padà, ẹ sì gbọ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ èdè: àwọn olè náà ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Wọ́n fẹ́ kọ foundation, wọ́n kọ fandation, òṣìṣẹ́ báńkì kan sì fura. Gbogbo ògiri ẹ̀rọ ti jẹ́ kí wọ́n kọjá nítorí pé àṣẹ wọn pé. Sípẹ́lì ni ó mú wọn.

Ní ilé wa ńkọ́? Òfin ni ó dá àjọ NIMC sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2014 ni báńkì àgbà bẹ̀rẹ̀ BVN. Ní báyìí, ẹni tí ó ń ra síìmù, ẹni tí ó ń ṣí àkáǹtì, ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, gbogbo wọn ni ó ń mú NIN wá. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì ń gba àṣẹ láti bi ẹ̀rọ NIMC léèrè bóyá nọ́ńbà kan jẹ́ ti ẹni tí ó mú un wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative pariwo síta pé ojú ewé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ta àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà fún ọgọ́rùn-ún náírà péré. NIMC dáhùn pé ẹnikẹ́ni kò fọ́ ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ àwọn. Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Bí a kò bá fọ́ ilẹ̀kùn, tí ẹrù sì ń bẹ ní ọjà, a jẹ́ pé ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí a bi léèrè. Àwa tí a fún ní àṣẹ, ta ni àwa náà fún? Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 sọ pé ilé iṣẹ́ tí ó kó àkọsílẹ̀ ènìyàn jọ ni ó gbọdọ̀ dáàbò bò ó, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó o. Ọgọ́rùn-ún náírà kò tó owó búrẹ́dì kékeré kan. Ẹni tí ó bá fi í ra orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti àwòrán ojú yín lè lọ yá owó ní orúkọ yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tí ó bá lọ sí Trade Fair ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣí àgádágodo. Ọ̀gá kì í fún ọmọ tuntun ní kọ́kọ́rọ́. Yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbé ẹrù, yóò mọ orúkọ ọjà, lẹ́yìn náà ni yóò máa tajà lójú ọ̀gá. Ẹni tí ó ti pẹ́ jùlọ nínú wọn ni kọ́kọ́rọ́ ń bá lọ sílé. Nígbà tí ó bá gba òmìnira, tí ọ̀gá rẹ̀ sì fún un ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀, yóò dá kọ́kọ́rọ́ náà padà, ọ̀gá tí ó bá sì gbọ́n yóò ra àgádágodo mìíràn. Kì í ṣe pé ó ka ọmọ náà sí olè. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni yóò ṣe alága níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ọjà ni a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ lórí bébà kékeré, tí oníbàárà tí ó bá fara ti káńtà lè kà.

Kí àwa olùkọ́ má sì rò pé àwọn oníṣòwò ni mò ń bá wí. Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pọ̀, iná mànàmáná kò dúró, ọjọ́ tí a dá sì ti fẹ́ pé. Mo fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ràn mí lọ́wọ́ ní pásíwọ́ọ̀dù mi kí ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbàgbé. N kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní sáà kejì, ọmọbìnrin kan wá sí ọ́fíìsì mi, ó ń sunkún pé òun gba 64 nínú iṣẹ́ mi, pé òun rí i lára ògiri, ṣùgbọ́n pé 46 ni ó wà nínú ẹ̀rọ. Mo wo ìwé mi, 64 ni mo kọ. A lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń mójú tó ẹ̀rọ náà, wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀ nípa gbogbo ẹni tí ó wọlé. Ó lè jẹ́ àṣìtẹ̀ lásán, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀; mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní òun kò mọ̀. A tún máàkì ọmọ náà ṣe lẹ́yìn ìwé mẹ́ta àti ìpàdé ìgbìmọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí ó wọlé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje alẹ́, tí ó tẹ 46 síwájú orúkọ rẹ̀, èmi ni.